Kí a tó mú olùdíje nínú ìdìbò abẹ́lé, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí yóò fìdí rẹmi

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ súnmọ́ iwájú, àga ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí ó ṣe yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú pinnu ẹni tí yóò tì lẹ́yìn nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fa olùdíje kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ní ẹni tiyín lọ́kàn kí ẹ tó kúrò nílé lónìí. N kò wá bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, tí n kì í sábà gbọ́ níbi ìpàdé wọ́ọ̀dù: bí ẹni tí o fẹ́ yìí bá gbé e, kí ni àwọn tí kò gbé e yóò ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Ṣé wọn yóò tẹ̀ lé e ni, àbí wọn yóò jókòó sílé, àbí ẹgbẹ́ mìíràn ni wọn yóò gbà lọ? Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn wúwo ju "ta ló dáa jù" lọ.

Ọdún 2022 ṣì wà lọ́kàn wa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ẹgbẹ́ PDP kó àwọn aṣojú rẹ̀ jọ sí pápá ìṣeré Moshood Abiola l'Ábújá. Àwọn tó dìbò níbẹ̀ kò tó 800, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò gbogboogbò ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93. Ohun tó fà á tí wọ́n fi kéré bẹ́ẹ̀ ni pé Òfin Ìdìbò tọdún 2022 yọ àwọn tó ti máa ń dìbò nítorí ipò wọn kúrò: àwọn sẹ́nétọ̀, àwọn gómìnà, títí kan Ààrẹ fúnra rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sáré tún òfin náà ṣe, Buhari kò fọwọ́ sí i. Gómìnà kò lè dìbò mọ́ lọ́dún yẹn, òótọ́ ni. Ta ló wá ń yan ẹni tó máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ábújá dìbò? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Aminu Tambuwal, gómìnà Sókótó nígbà náà, ti bá àwọn aṣojú sọ̀rọ̀ tán gẹ́gẹ́ bí olùdíje. Ló bá tún padà sórí pèpéle, ó ní òun ti jáwọ́, kí àwọn tòun lọ dìbò fún Atiku. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Atiku ní 371, Wike, gómìnà Rivers nígbà náà, ní 237, Saraki ní 70. Ẹni tó bá wo ìṣirò nìkan yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí o. Kwankwaso ti bá tirẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ NNPP láti oṣù Kẹta. Obi fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n dìbò, ó gba ẹgbẹ́ Labour lọ. Wike tó kù nílé ńkọ́? Nígbà tí Atiku máa mú igbákejì, Okowa gómìnà Delta ló mú, kò mú ẹni tó ṣìkejì. Wike fárígá, gómìnà mẹ́rin sì dúró tì í: Makinde tiwa ní Ọ̀yọ́, Ortom ní Benue, Ikpeazu ní Abia, Ugwuanyi ní Enugu. Wọ́n ní kí alága ẹgbẹ́, Iyorchia Ayu, fipò sílẹ̀, torí kò yẹ kí alága àti olùdíje jọ wá láti àríwá. Ayu kò lọ. Ìbínú yẹn ni wọ́n gbé dé ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ọjọ́ ìdìbò Ààrẹ.

Ẹ gbọ́ bí ìbò ọjọ́ náà ṣe lọ: Tinubu 8,794,726, Atiku 6,984,520, Obi 6,101,533, Kwankwaso 1,496,687. Àwọn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí, inú PDP kan náà ni gbogbo wọn wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Bí ẹ bá ro ìbò wọn pọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 14. Àwọn kan fẹ́ràn láti fi ìṣirò yẹn ṣe àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n kò pé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó dìbò fún Obi kì bá tí jáde rárá ká ní Atiku nìkan ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ gé e sí ìdajì, ẹ̀yin náà rí ohun tí mo ń wí. Àwọn aṣojú tó dìbò lálẹ́ ọjọ́ yẹn mú ẹni tó lè gba tíkẹ́ẹ̀tì. Bóyá ló wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ wọn láti bèèrè ta ló lè mú Wike jókòó.

Àwọn tó dàgbà jù nínú yín yóò rántí Jos, oṣù Kẹta ọdún 1993. Ẹgbẹ́ SDP ló ń fa olùdíje kalẹ̀. Ètò tí wọ́n ń lò nígbà náà, Option A4, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já bọ́ láti òkè: wọ́ọ̀dù rẹ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, kí o tó dé ìjọba ìbílẹ̀, kí o tó dé ìpínlẹ̀, kí o tó dé ti orílẹ̀-èdè. Ó ku mẹ́ta tó lágbára: Abiola, Kingibe tó ti ṣe alága ẹgbẹ́ rí, àti Atiku, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Shehu Yar'Adua rán wá lẹ́yìn tí Babangida, olórí ìjọba ológun, ti fòfin de Yar'Adua fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò lẹ́ẹ̀kíní, kò sẹ́ni tó gbé e pátápátá. Atiku tó ṣe ipò kẹta jáwọ́ fún Abiola, Abiola sì fi díẹ̀ borí Kingibe.

Gbogbo èèyàn rò pé Atiku ni igbákejì, torí ẹni tó ṣeni lóore la máa ń san án fún. Ṣùgbọ́n àwọn gómìnà SDP wà lẹ́yìn Kingibe, ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sì ni. Kingibe ni Abiola mú. Mùsùlùmí méjì lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, àwọn èèyàn pariwo. Àmọ́ ẹgbẹ́ náà kò fọ́. Ní June 12, Abiola na Bashir Tofa, olùdíje tí wọ́n jọ du ipò Ààrẹ, ní Kano, nílé Tofa gan-an.

Mo ti rí bàbá kan tó ń mirí. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, bàbá: Kingibe yìí kan náà ló lọ di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Abacha. Bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ pé ẹni tó ṣìkejì máa ń jẹ́ olóòótọ́. Ohun tí mo sọ ni pé ẹgbẹ́ wọn dé ọjọ́ ìdìbò láìtú, wọ́n sì gbé e. Sójà ló fagi lé e lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká dé ilé tiwa wàyí, torí mo mọ̀ pé ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ní 2022, ìdìbò abẹ́lé APC fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ilé Yorùbá sí méjì. Tinubu lápá kan, Osinbajo lápá kejì. Osinbajo ti ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ lábẹ́ Tinubu l'Ékòó, nítorí náà àwọn kan ń bèèrè pé kí ni ọmọ ń bá bàbá du. Àwọn mìíràn ní Igbákejì Ààrẹ ni, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ló kù tí ẹ tún ń wá? Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, Tinubu dúró l'Abẹ́òkúta, ó ní "Èmi ló kàn", ariwo sọ.

Èmi kò rò pé àríyànjiyàn tí a ń jà yẹn kan àwọn aṣojú láti Borno tàbí Jigawa rárá. Gbèsè ọpẹ́ ni àwa ń sọ. Àwọn ń wò ó ta ló ti bá wọn rìn, ta ló lè gbà wọ́n lálejò lẹ́yìn ìdìbò. Alága ẹgbẹ́, Abdullahi Adamu, sọ lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹfà pé Lawan, Ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, ni àwọn fẹnu kò sí, àwọn gómìnà àríwá fúnra wọn ló ní rárá, wọ́n ti sọ pé gúúsù ló kàn. Lórí pèpéle Eagle Square, Akpabio jáwọ́, Fayemi jáwọ́, Amosun jáwọ́, Bankole jáwọ́, Uju Ken-Ohanenye, obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, jáwọ́, gbogbo wọn fún Tinubu. Nínú aṣojú 2,322, mẹ́ta-mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ 774, Tinubu kó 1,271. Amaechi ní 316, Osinbajo 235, Lawan 152. Kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó di Wike fún APC. Ìyẹn gan-an ló yàtọ̀. Ẹ má sì rò pé nítorí Tinubu lókìkí nílé ni: nígbà tí ìdìbò gbogboogbò dé, Obi ní 582,454 l'Ékòó, Tinubu ní 572,606. Atiku ló gba Ọ̀ṣun.

Èyí ló mú mi dé ìbéèrè kejì, tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ní kí ẹni tó máa di Ààrẹ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì tún ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀, ìyẹn 24, pẹ̀lú Ábújá. Ẹni tí àdúgbò rẹ fẹ́ràn gan-an, kọ orúkọ ìpínlẹ̀ 24 tó ti lè rí ìdá kan nínú mẹ́rin sórí bébà. Bí o bá dé 13, tí kálámù dúró, o ti mọ ohun tó yẹ kí o mọ̀.

Ti owó ńkọ́? Fọ́ọ̀mù APC lọ́dún yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 100 náírà. Ẹni tó bá san irú owó bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́ rí i padà, n kò sì mọ ẹni tó nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn fún un. Bí wọ́n bá fún aṣojú yín ní owó, ìbò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá wọ ibi ìdìbò.

Ìyá kan bi mí léèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè rẹ̀ sì dára ju gbogbo ohun tí mo sọ lọ. Ó ní, "Bùọ̀dá, níbo la ti fẹ́ bèèrè gbogbo èyí? Wọ́n ti kọ orúkọ náà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa." Òótọ́ ni. Mo ti wà níbi kọngírẹ́ẹ̀sì wọ́ọ̀dù rí, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan yọ bébà jáde lápò agbádá, ó ka orúkọ, ó ní ṣé ẹ fọwọ́ sí i, àwọn tó jókòó níwájú pariwo bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín omi inú ọ̀rá. Wọ́n ní ìfohùnṣọ̀kan nìyẹn.

Ìdáhùn tí mo fún ìyá yẹn ni Zamfara. Fún ìdìbò ọdún 2019, APC ìpínlẹ̀ náà kò ṣe ìdìbò abẹ́lé tó bófin mu. Wọ́n dìbò gbogboogbò, APC borí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ APC kan náà ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Karùn-ún, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìbò APC ti di òfo, láti ipò gómìnà títí dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹni tó ṣìkejì ni kí wọ́n búra fún. Bí PDP ṣe gba Zamfara nìyẹn. Nítorí náà, ìyá, bí wọ́n bá ti kọ orúkọ tẹ́lẹ̀, ẹ béèrè ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín, ẹ wò ó bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀, kí ẹ sì bèèrè bóyá àwọn òṣìṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò wà níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀.