Bàbá ní ẹgbẹ́, ọmọ ní ọ́fíìsì: bí agbára méyọ̀ Chicago ṣe gbèrú

Nínú ìwé òfin, méyọ̀ Chicago, ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn káńsẹ́lọ̀ 50, ẹnì kọ̀ọ̀kan fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ni òfin gbé agbára fún. Síbẹ̀ Richard J. Daley pàṣẹ lé wọn lórí láti 1955 títí ó fi kú ní 1976. Ipò mìíràn tó dì mú ló fà á: láti 1953 ló ti jẹ́ alága ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹmọkírátì ní Cook County, agbègbè ìjọba tí Chicago wà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà rèé. Ká ní ẹ fẹ́ máa wa ọkọ̀ akólẹ̀ ìjọba, ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Ó kọ lẹ́tà fún yín. Ẹ̀yin náà á máa kanlẹ̀kùn lójúlé dé ojúlé nígbà ìdìbò. Bí ìbò àdúgbò yín bá fà sẹ́yìn, iṣẹ́ lè bọ́. Ṣùgbọ́n okùn tí Daley fi so àwọn olórí wọ́ọ̀dù ló so òun náà: láìsí wọn, ta ni yóò kó ìbò wá?

Agbẹjọ́rò kan, Michael Shakman, pe ẹjọ́ ta ko ètò yìí ní 1969. Àdéhùn ilé ẹjọ́ ti 1972 ní wọn ò gbọdọ̀ torí òṣèlú lé òṣìṣẹ́. Ti 1983 ní wọn ò gbọdọ̀ torí rẹ̀ gbani síṣẹ́, àyàfi àwọn ipò kan.

Ọmọ Daley, Richard M. Daley, wọlé sípò méyọ̀ ní 1989. Kò ṣe alága ẹgbẹ́ rí, síbẹ̀ lójú tiwa, apá tirẹ̀ gùn ju ti bàbá lọ. Bí ìjókòó káńsẹ́lọ̀ bá ṣófo, òun ló ń yan ẹni tí yóò rọ́pò. Ní 1995, òfin ìpínlẹ̀ Illinois fi ilé ìwé ìjọba ìlú náà sábẹ́ rẹ̀. Owó tún wà: wọ́n á fa ààlà yí agbègbè kan ká, gbogbo bí owó orí ilé ibẹ̀ bá ṣe gorí ti tẹ́lẹ̀ fún ọdún 23, àpò ọ̀tọ̀ ló ń wọ̀, ọ́fíìsì méyọ̀ ló sì ń darí rẹ̀. (Iṣẹ́ tí wọ́n ń pín lábẹ́lẹ̀ náà ò parẹ́ o: ní 2006, ilé ẹjọ́ dá àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ kan lẹ́bi màgòmágó ìgbanisíṣẹ́.)

Nígbà tí kò sí olórí wọ́ọ̀dù tó lè dí i lọ́wọ́ mọ́, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2008. Ó fi nǹkan bí 36,000 ẹ̀rọ tó ń gbowó ibi ìgbọ́kọ̀sí yá ilé iṣẹ́ aládàáni fún ọdún 75, ní bílíọ̀nù 1.15 dọ́là. Ọjọ́ mélòó kan péré làwọn káńsẹ́lọ̀ fi rí ìwé náà kí wọ́n tó dìbò: 40 gbà, 5 kọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ayẹ̀wòṣẹ́ ìjọba ìlú ṣírò rẹ̀: ohun tí wọ́n gbà fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 974 dọ́là dín sí ohun tó tọ́ sí wọn.