Kí Òbí Tó Padà Sílé Ìwé, Kí Ilé Kọ́kọ́ Jókòó Ṣírò Owó

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ òní wà fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó lọ́mọ nílé ìwé, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí i pé kí òun náà padà lọ gba dìgírì. Inú mi máa ń dùn sí irú ìpinnu yìí. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀: kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, kí tọkọtaya jókòó ṣírò owó, torí pé owó ilé ìwé gan-an kọ́ ló máa ń jẹ owó ìdílé jù.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń lé àgbàlagbà padà sí kíláàsì. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 7, ìyẹn ìpele owó oṣù, ni tíṣà tó ní NCE, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 ni ti ẹni tó ní dìgírì. Ẹni tó ní HND, ìwé ẹ̀rí pólì, ńkọ́? Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dá irú wọn dúró sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì 14, tí àwọn oní-dìgírì á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Kí ọmọ téèyàn kọ́ níṣẹ́ wá di ọ̀gá ẹni, ó ń dunni.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbà ni NOUN, yunifásítì tí èèyàn ti lè máa kàwé láti ilé. Ìjọba Shagari ló dá a sílẹ̀ ní 1983, àwọn ológun tì í pa ní 1984, Ọbásanjọ́ sì tún un ṣí ní 2002. Ọbásanjọ́ yìí kan náà forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò lórí àlééfà, ó sì gba oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní 2018, nígbà tó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó náà ní ẹ̀ka tí òṣìṣẹ́ lè gbà kàwé láì fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ní tèmi, ọ̀nà tí kò ní dá owó oṣù dúró yìí ni mo fara mọ́ fún ẹni tó bá ní ọmọ láti bọ́. Bí ẹ bá gba ìsinmi láti lọ kàwé, tí ibi iṣẹ́ kò sì sanwó fún yín, ẹ rántí 2022. Oṣù mẹ́jọ gbáko làwọn olùkọ́ yunifásítì fi yanṣẹ́ lódì lọ́dún yẹn. Ẹni tí kò gbowó oṣù tẹ́lẹ̀ á tún fi oṣù mẹ́jọ kún un, àwọn ọmọ kò sì ní tìtorí ìyẹn ṣíwọ́ oúnjẹ jíjẹ.

Ó yá, ẹ mú bírò, ká jọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi tíṣà kan n'Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Àfiṣàpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye tí mo fẹ́ dá yìí o. Ẹ ó fi tiyín rọ́pò wọn. Ká ní ẹni ọdún 44 ni, NCE ló ní, ó ń kọ́ ọmọ ní pírámárì, ọkọ rẹ̀ ń ṣe mẹkáníìkì, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Ní gbogbo Sátidé, ó ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní Bódìjà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti ń tú okùn ẹnu àpò, kóńgò lọ́wọ́, àwọn oníbàárà ti dúró. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, tó ti yọ owó ọjà, owó ìsọ̀ àti owó alábàárù, ó ń mú ₦10,000 relé.

Wàyí o, ó wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà á sí yóò gba ọdún mẹ́ta. Ká ní owó ilé ìwé jẹ́ ₦150,000 ní sáà kan, ìyẹn ₦300,000 lọ́dún. Dátà àti ìwé títẹ̀, ₦60,000. Owó ọkọ̀ lọ sí ibi ìdánwò, ₦40,000. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa ìwé dé nìyẹn. Wọ́n gbàgbé Sátidé! Ọjọ́ yẹn nìkan ló ráyè kàwé. Tó bá pa ọjà tì ní Sátidé 40 lọ́dún, ₦400,000 ti lọ, ó sì ju owó ilé ìwé fúnra rẹ̀ lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦800,000 lọ́dún, ₦2,400,000 ní ọdún mẹ́ta.

Ká ní dìgírì náà wá fi ₦15,000 kún owó oṣù rẹ̀. ₦180,000 nìyẹn lọ́dún. Ọdún 13 àti oṣù mẹ́rin ló máa gbà kí owó tó ná tó padà wọlé. Ẹni ọdún 47 ni nígbà tó jáde. Bó bá jẹ́ 60 ló máa fẹ̀yìn tì, ọdún 13 péré ló kù, owó rẹ̀ kò tíì pé. Ṣùgbọ́n òfin kan jáde ní 2022 tó sún ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà sí ọdún 65, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá ti gba òfin yẹn wọlé, ó ní ọdún 18 níwájú. Ẹ rí i pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ló dá ẹjọ́ yìí, kí ẹ bi ìpínlẹ̀ tiyín.

Mo mọ̀ pé ìgbéga lè mú owó oṣù náà ròkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ìfẹ̀yìntì náà á sì pọ̀ sí i, torí pé níbi tí òṣìṣẹ́ àti ibi iṣẹ́ ti jọ ń dá owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọ́n ń yọ síbẹ̀, tí ibi iṣẹ́ sì ń fi ìdá 10 kún un.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù rèé. Ká ní ọkọ rẹ̀ gbà láti dúró ti ìsọ̀ náà títí di ọ̀sán ní gbogbo Sátidé, tí wọ́n sì rí ìdajì owó tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀. Àdánù Sátidé di ₦200,000. Àpapọ̀ ọdún mẹ́ta di ₦1,800,000, owó náà á sì padà wọlé ní ọdún mẹ́wàá géérégé. Ìdajì ọjọ́ tí ọkọ fi sílẹ̀ ti dá ọdún tó lé ní mẹ́ta padà fún ìdílé. Mi ò fara mọ́ ọn kí wọ́n gbé ìsọ̀ yẹn àti ìkòkò ọbẹ̀ lé àkọ́bí obìnrin lórí, pàápàá lọ́dún tó ń múra WAEC.

Owó tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ yín kí ẹ tó lọ ibòmíràn, torí èlé tiwọn kì í sábà ni èèyàn lára. Ẹ jẹ́ kí àjọ tí ẹ ń dá bọ́ sí ìgbà tí ẹ máa san owó ilé ìwé. Ẹ jọ fẹnu kò lórí iye aṣọ ẹbí tí ilé yín máa rà lọ́dún, kí ẹ sì sọ fún ẹbí kí wọ́n tó máa bínú. NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin rẹ̀ jáde ní 2024, kì í gba èlé. Ẹ bi wọ́n bóyá ètò tí ẹ fẹ́ ṣe wà lábẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi owó tí wọ́n ń yáni lórí fóònù, tí èlé rẹ̀ ń gorí ara wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, san owó ilé ìwé.

Ẹ kọ lẹ́tà gba àṣẹ níbi iṣẹ́ kí ẹ tó wọlé, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba kì í ka ìwé ẹ̀rí tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá ọdún 30 kó tó jáde kò ní sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́, ìwé tí NYSC fi ń yọ̀ǹda èèyàn ló máa gbà, ẹ sì máa nílò rẹ̀ nínú fáìlì. Láàárín ọjọ́ tí èsì jáde àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbé yín sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì tuntun, oṣù á kọjá lórí oṣù, owó àtijọ́ lẹ ó sì máa gbà. Ẹ fi àwọn oṣù yẹn kún ìṣirò tó wà lọ́wọ́ yín.