Megatron: Ìbọn Ìṣeré Tó Di Ọ̀daràn Inú Kọ́míìkì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kí n tó mú nǹkan yìí jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fa kọ́tíìnì bo fèrèsé. Ẹ̀ẹ́ rí ìdí rẹ̀ báyìí.

Ẹ wò ó. Tí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ẹnìkan ní Mọ́kọ́lá lálẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ò ní dúró bèèrè bóyá tọ́ì ni. Ìbọn ìléwọ́ pọ́nńbélé! Ó ní ẹnu, ó ní ìdí, ó ní ibi tí wọ́n ń fi ìka fà. Ṣùgbọ́n róbọ́ọ̀tì ni o. Megatron ni, olórí àwọn Decepticon, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ẹni ibi nínú ìtàn róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Transformers, ọ̀tá Optimus Prime tó jẹ́ olórí àwọn ẹni rere. Ayédèrú ni tọwọ́ mi yìí, kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Inú òkìtì tọ́ì tòkunbọ̀ ní Dùgbẹ̀ ni mo ti ṣà á. Ojúlówó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ àpò mi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé wọ́n kọ ìtàn ọ̀daràn kan sínú kọ́míìkì, wọ́n wá ṣe tọ́ì rẹ̀. Rárá o. Tọ́ì ló kọ́kọ́ dé. Ìbọn yìí ti wà lórí igbá ní Japan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀daràn ni, àní kó tó ní orúkọ.

Ilé-iṣẹ́ Takara ló ṣe é. Oríṣi róbọ́ọ̀tì méjì ni Takara ń tà nígbà náà, ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀kan ń jẹ́ Diaclone, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Nínú ti Diaclone, mọ́tò ló ń di róbọ́ọ̀tì, wọ́n sì ṣe àwọn awakọ̀ kéékèèké tó ń wọ inú rẹ̀ jókòó. Optimus Prime, tó ń di tírélà, wá láti ibẹ̀. Èkejì ń jẹ́ Microman, tó ti wà láti 1974. Ní 1983, wọ́n mú ẹ̀ka kan jáde lábẹ́ Microman tí wọ́n pè ní Micro Change. Nǹkan inú ilé ló ń di róbọ́ọ̀tì níbẹ̀, ìwọ̀n tí nǹkan náà jẹ́ lójú ayé gan-an ni wọ́n sì ṣe é: ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà, awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò ní láàbù, àti ìbọn. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni Soundwave. Ìbọn yẹn ni Megatron.

Ṣé ẹ ti rí wàhálà tó wà níbẹ̀? Tírélà tó kéré tó fi wọ ọwọ́ ọmọdé, àti ìbọn tó tóbi tó ìbọn gidi, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìtàn kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí Megatron fi ga bí ilé alájà nígbà tó bá jẹ́ róbọ́ọ̀tì, tó bá wá di ìbọn, á súnkì, ẹlòmíràn á gbá a mú lọ́wọ́. Àwa ọmọdé máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí iná bá wà tí a sì rí kátúùnù rẹ̀ wò. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Oríṣi tọ́ì méjì ni wọ́n dà pọ̀.

Ìbọn tí wọ́n wò ṣe é ni Walther P38, ìbọn àwọn ará Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Awò tó wà lórí rẹ̀, ìdí gígùn tí wọ́n ń gbé lé èjìká, àti ohun tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ìbọn kó má baà dún sókè, ìyẹn ò sí lára P38 àwọn sójà. Inú ètò tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan nípa àwọn amí, ti àwọn ọdún 1960, ni wọ́n ti kó o.

Nígbà tó yá, Hasbro ti Amẹ́ríkà gba àṣẹ lọ́wọ́ Takara, wọ́n kó àwọn tọ́ì náà lọ bá ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì Marvel pé kí wọ́n bá àwọn fi ìtàn sí i. Bob Budiansky ló sọ púpọ̀ nínú wọn lórúkọ. Nígbà tó pe ti ìbọn yìí ní Megatron, àwọn Hasbro ní orúkọ náà ń bani lẹ́rù jù. Ó dá wọn lóhùn pé olórí àwọn ẹni ibi ni, ẹ̀rù ló yẹ kó máa bani. Wọ́n sì gbà. Ìwé àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú déètì oṣù kẹsàn-án 1984. Mẹ́rin péré ni wọ́n fẹ́ ṣe, àmọ́ ó lọ títí dé ọgọ́rin, ó parí ní 1991.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ọ̀gá pátápátá tó ń di ìbọn, ta ni yóò yìn ín? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Starscream wà nínú wọn, igbákejì tó ń wá ipò rẹ̀ lójoojúmọ́. N'Ìbàdàn níbí, oyè ní àtẹ̀gùn, ẹni tó wà lẹ́yìn á fara balẹ̀ títí yóò fi kàn án. Starscream ò mọ ìyẹn. Megatron náà sì mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ á tún fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́! Ìgboyà ni àbí ìgbéraga? Èmi ò tíì rí ọ̀daràn tí wọ́n ti inú bí wọ́n ṣe ṣe tọ́ì rẹ̀ fún ní irú ìwà yìí. Abájọ tí àwọn kan nínú àwọn tó ń kó tọ́ì jọ fi ń wá a ju ẹni rere lọ. Wọ́n kúkú ń ki ìlú wa pé ibi tí olè gbé ń jàre olóhun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ẹ sún mọ́ ọn. Mo yọ awò kúrò lórí. Mo la ibi tí wọ́n ń dì mú sí méjì, ẹsẹ̀ rèé. Díẹ̀díẹ̀ o, nítorí oríkèé ibí yìí kì í pẹ́ kán. Awò tí mo yọ, apá ọ̀tún ló ń lọ, òun ló ń di àgbá rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń fi ìka fà ńkọ́? Hẹn, ẹ wo ibi tó bọ́ sí. Àárín itan méjèèjì. Láti 1984 ni wọ́n ti ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ẹ rín in.

Ní 1988, Amẹ́ríkà ṣòfin pé ìbọn ìṣeré gbọ́dọ̀ ní àmì aláwọ̀ ọsàn lẹ́nu, kí ọlọ́pàá má baà ṣì í pa ọmọ ọlọ́mọ. Tọ́ì tó dà bí ìbọn gidi di wàhálà. Nígbà tí Megatron padà dé ní 1993, táǹkì ogun ló ń dì. Ní 1996, Megatron mìíràn jáde tó ń di ẹranko dáínósọ̀. Japan nìkan ló tún ṣe é bí P38 ní 2007, fún àgbàlagbà tó ń kó tọ́ì jọ.

Tí ẹ bá ń wá ti àtijọ́, ẹ wo àwọ̀ fàdákà dídán tó wà lára ike rẹ̀. Ó máa ń bó, pàápàá níbi tí ọwọ́ ń kàn. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń dán gbinrin, tí ẹni tó ń tà á sì ń búra pé 1984 ni, ẹ fura. Ẹ fi èékánná wá òǹtẹ̀ Takara tàbí Hasbro lára rẹ̀. Ara tèmi yìí ń dán bọ̀rọ́, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Àmì tí wọ́n ń fi ìka ra kí àwòrán tó yọ, 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìyẹn mọ́ ọn, nítorí náà ti 1984 tí kò ní in kò lábùkù. Kí ẹ sì ka awò, ìdí, àti ẹnu ìbọn pé. Àwọn wọ̀nyẹn ló máa ń sọnù, àwọn náà ló ń gbé owó rẹ̀ lọ sókè.

Tí ẹ bá rà á, ẹ yí i sí róbọ́ọ̀tì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé nínú takisí Míkírà, níwájú àwọn ọlọ́pàá, ni ẹ ó ti máa ṣàlàyé Micro Change fún ẹnìkan. Ní ti èyí tó ń di táǹkì, ẹ gbé e lọ síbi tó bá wù yín.