Ẹ Ṣa Fọ́tò Ná, Kí Ẹ Tó Ṣí Photoshop

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin fọtógíráfà ìlú Àbújá. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa lánàá.

A ya ìgbéyàwó kan ní Gwarinpa, a kó fọ́tò 1,200 dé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ki gbogbo rẹ̀ bọ Photoshop lẹ́ẹ̀kan náà. Fáànù láàpútọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀ dì gbagidi. Ẹlòmíì á ní kí ẹ gbé e lọ ọjà kọ̀ǹpútà Banex lọ fi RAM (mẹ́mórì) kún un. Ẹ rọra ná. Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣẹ̀.

Photoshop, ibi tí a ti ń nu òógùn iwájú orí ìyàwó ni. GIMP náà nìyẹn, ìyẹn ò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀. Ká wo fọ́tò, ká ṣa èyí tó dáa, iṣẹ́ Bridge, XnView MP àti FastStone ni.

Kí ló mú wọn yá? Fáìlì RAW, ìyẹn fọ́tò tútù bí kámẹ́rà ṣe yà á, bíi CR2 ti Canon tàbí NEF ti Nikon, ní JPEG kan nínú, fọ́tò tó ṣeé wò tí kámẹ́rà ti sè sílẹ̀. Òun ni wọ́n lè tètè gbé síta. Photoshop ní tiẹ̀ máa se RAW yẹn fúnra rẹ̀ láti tútù. Ẹni tó ń wo oúnjẹ lára pátákó búkà, ṣé ẹ fẹ́ fi wé ẹni tó ń gún iyán?

Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi, Bridge rèé. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀: fọ́tò 14 lórí ìdọ̀bálẹ̀ kan ṣoṣo! Nínú èyí, ẹnì kan ń fa ṣòkòtò sókè. Nínú èyí, màmá ìyàwó dijú. Ìkẹsàn-án rèé, ojú gbogbo wọn là kedere. Mo tẹ Ctrl àti 5, ó gba ìràwọ̀ 5. Bí mo ṣe lọ títí nìyẹn. Mo wá ní kó kó oníràwọ̀ nìkan síta: ó ku 90. Àwọn yẹn ló ń lọ Photoshop.

FastStone àti XnView MP, ọ̀fẹ́ ni fún ìlò ilé. Ẹni tó ń fi í pawó, ó yẹ kó sanwó, ẹ jọ̀ọ́.

Lightroom ńkọ́? Láti 2007 tó ti jáde ló ti ń ṣe méjèèjì, ká ṣa fọ́tò, ká sì tún un ṣe. Àmọ́ inú kátálọ́ọ̀gì, ìwé àkọsílẹ̀ tiẹ̀, ló ń kọ àtúnṣe yín sí. Fọ́tò gan-an wà nínú fódà tí ẹ kó o sí. Ẹ gbé fódà yẹn lọ síbòmíì láìjẹ́ kó mọ̀, àmì ìbéèrè lẹ máa rí. Ó ṣe mí rí, ní alẹ́ tó ku ọ̀la kí oníbàárà wá gba álíbọ́ọ̀mù! Fọ́tò ò sọnù. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ fódà náà, ẹ mú Find Missing Folder, kí ẹ wá júwe ibi tó wà fún un.