Ọ̀kan Ti Délé, Ọ̀kan Ṣì Wà Nílé Ìwòsàn: Omi Ọyàn Ìbejì Tí Oṣù Wọn Kò Pé

Ìyá ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ o. Bàbá ìbejì, ẹ má dìde lọ, iṣẹ́ tiyín ń bọ̀ níwájú.

Oṣù ò tíì pé tí àwọn ọmọ fi dé. Wọ́n ti ní kí ẹ máa gbé Táyé lọ sílé, ó ń mu ọmú, ó sì ń wúwo sí i. Kẹ́hìndé ṣì wà nínú couveuse, àpótí tó ń mú ara ọmọ gbóná, nílé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Àwọn ará ilé ń kí yín kú oríire, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín lẹ máa rín tàbí ẹkún lẹ máa sun. Bí ẹkún bá dé, ẹ sun ún. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ti omi ọyàn, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń gbà ṣì í ṣe.

Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń rí. Ìyá délé, ó gbé ọmú sí Táyé lẹ́nu, Táyé mu, ó sùn. Ìyá náà sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó fún omi ọyàn díẹ̀ sínú ife fún Kẹ́hìndé, ó gun zẹ́mì, ọ̀kadà wa níbí, ó di ilé ìwòsàn. Kò pẹ́, ó ní omi ọyàn òun ti ń gbẹ. Ìyá ọkọ ní ayé ló ń ṣe é. Ayé kọ́ o!

Ẹ wo ìyá alákàsà ní ọjà Ouando. Iye tó bá tà lánàá ló fi ń mọ iye àgbàdo tó máa rẹ lálẹ́ òní. Bí ẹni tó máa ń ra ogún àkàsà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá yọjú fún ọjọ́ mélòó kan, kò ní rẹ tirẹ̀ mọ́. Kò bínú sí i, kò kàn rí i ni. (Àkàsà gbígbóná pẹ̀lú ẹja díndín àti ata! Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n padà síbi ọ̀rọ̀.) Bẹ́ẹ̀ lọmú ṣe ń ṣe. Iye tó bá jáde lónìí ló fi ń mọ iye tó máa pèsè lọ́la. Bó bá jẹ́ Táyé nìkan ló ń fà á, ọmọ kan lọmú máa ṣírò pé ẹ bí. Táyé fúnra rẹ̀ sì kéré, ẹnu rẹ̀ ò tíì lágbára tó máa fi fa ọmú gbẹ.

Nítorí náà, ẹ fún omi ọyàn Kẹ́hìndé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ó kéré tán, láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹ̀Ẹ̀MẸ́JỌ! Ẹ MÁ FO ÒRU! Òru ni èròjà ara tó ń mú omi ọyàn wá máa ń pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé, bí Táyé bá ti mu tiẹ̀ tán, Kẹ́hìndé ló kàn. Ẹ máa ní ó ti rẹ yín. Ó rẹ yín lóòótọ́. Ìdí tí màmá yín fi wà nílé nìyẹn, kí wọ́n bá yín fọṣọ, kí wọ́n bá yín dáná. Ti àgbo, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi lásán pàápàá, Táyé kò gbọdọ̀ mu ún.

Ti ọwọ́ fífọ̀ àti ife tí a sè, n ò sọ ìyẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi àtàǹpàkò sókè, ìka tó tẹ̀ lé e sísàlẹ̀, níbi tí dúdú ọmú parí sí. Ẹ kọ́kọ́ tì í sẹ́yìn sí àyà, kí ẹ tó wá tẹ ìka méjèèjì pọ̀. Ẹ má fún orí ọmú! Ẹ ó fún orí ọmú títí, á máa dùn yín, nǹkan kan ò ní jáde, ẹ ó wá ní ó ti gbẹ. Bó bá sì jẹ́ ìkán díẹ̀ ló jáde, ẹ gbé e lọ. Ọmọ tí wọ́n ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ láti imú, ṣíbí kan kì í ṣe kékeré fún un.

Omi ọyàn kì í ju wákàtí 4 lọ níta, ooru Àjàṣẹ́ sì lè má jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ àti aago tí ẹ fún un sára ìgò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ọ̀nà jíjìn bíi Kétu bọ̀, ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì bóyá fíríìjì wà lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ó yá, bàbá ìbejì. Ẹ bọ́ ẹ̀wù. Bí ìyá bá lọ gbé Kẹ́hìndé sáyà nílé ìwòsàn, ta ló máa gbé Táyé? Ẹ̀yin ni. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìtẹ̀dí nìkan ni kó wà lára ọmọ, kí ara rẹ̀ kan ara yín, kí ẹ wá fi aṣọ dì í mọ́ àyà. Àyà ni mo wí o, kì í ṣe ẹ̀yìn! Kò tíì tó pọ̀n. Ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ gbígbé ọmọ sáyà báyìí ní 1978, nígbà tí couveuse ò kárí ọmọ. Láti 2022 ni OMS, Àjọ Ìlera Àgbáyé, sì ti ní kí wọ́n máa gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ sáyà fún wákàtí 8 sí 24 lóòjọ́, láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ má kàn bèèrè pé ṣé ara ọmọ le. Wọ́n á ní ó le. Gíráàmù mélòó ló wọ̀n láàárọ̀ yìí? Ṣé omi ọyàn ti pọ̀ tó fún un? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń mí? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ti Táyé nílé: bí kò bá mu ọmú mọ́, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù tí kò sì gbóná lẹ́yìn tí ẹ gbé e sáyà, bí èémí rẹ̀ bá ń yára tàbí tí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru ọ̀gànjọ́.

Àti àwọn àlejò! Ẹni tó bá fi 500 fúránkì lé Táyé lọ́wọ́, ẹ ní kó mú ti Kẹ́hìndé wá. Ìbejì ni wọ́n, ta ló máa bínú? Owó yìnyín àti owó zẹ́mì ti ń dúró dè é.