Kùrukùru Kì í Ṣe Ọyẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Òjò Tó Ń Bọ̀ ní Òṣogbo

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn àgbẹ̀, awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ní Òṣogbo nìyí. Mo gé àtúnsọ díẹ̀ kúrò, mo fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà Ìkìrun wá, ẹ kú ewu. Iná iwájú ọkọ̀ la fi ń dá ara wa mọ̀ láàárọ̀ yìí.

Kí n tó jáde nílé, mo fi aṣọ ìnujú funfun nu gíláàsì ọkọ̀ mi. Òun nìyí. Ẹ gbà á, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ gbé e kárí. Ó rin gbingbin, ṣùgbọ́n ó ṣì funfun. Èkejì rèé, oṣù Ṣẹrẹ ni mo fi nu gíláàsì kan náà, mo wá dì í sínú ọ̀rá. Ó gbẹ, eruku ti sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú. Eruku aṣálẹ̀ ni, ibi tí púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ti ń wá ni Bodélé nílẹ̀ Chad.

Ojú ò ríran jìnnà lọ́jọ́ méjèèjì, la bá ń pe méjèèjì ní ọyẹ́. Ohun tí mo ń bá yín jà lé lórí láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ọ̀kan eruku ni, èkejì omi ni. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kò lè mọ ibi tí ọdún dé.

Bí ojú ọ̀run bá mọ́ lóru, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ilẹ̀ á máa tú ooru tó gbà lọ́sàn-án dànù. Tó bá fi máa di àfẹ̀mọ́júmọ́, afẹ́fẹ́ tó sùn lé ilẹ̀ lórí ti tutù débi pé kò lè gbé omi inú rẹ̀ mọ́. Omi náà á di ẹ̀kán wíwẹ́ tó ń léfòó. Bí ojú ò bá ríran tó 1,000 mítà, ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè é ní kùrukùru. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó máa ń ṣàn lọ sí kòtò. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ilé yín ló máa ń kọ́kọ́ bò, òun náà ló máa ń ṣí kẹ́yìn.

Níbo ni omi ti wá nígbà tí òjò ò tíì rọ̀? Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti Sàhárà bọ̀, òun ni ọyẹ́. Èkejì ń ti òkun bọ̀, òun ló ru omi. Ní oṣù Ṣẹrẹ, ààlà àwọn méjèèjì máa ń sún mọ́ etíkun. Tó bá fi máa di oṣù Ògún, ó ti kọjá Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Niger. Láti Èrèlè sí Ẹrẹ̀nà, orí wa ló ń gbà kọjá. Ó lè lọ lónìí kó tún padà lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀. Bí omi ṣe ń wọ abẹ́ ẹní ni afẹ́fẹ́ òkun ṣe ń wọlé: iwájú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló nípọn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣì tẹ́ lé e lórí. Nígbà tí ibi pẹlẹbẹ yẹn bá dé Òṣogbo, omi inú rẹ̀ tó fún ìrì àti kùrukùru, kò tó fún òjò. Àwọsánmà òjò gbọ́dọ̀ ga. Ìhà òkun lọ́hùn-ún, níbi tí afẹ́fẹ́ náà ti nípọn, ni òjò gidi ti ń rọ̀. Kùrukùru ń sọ fún yín pé omi ti wọ abẹ́ ẹní. Kò tíì sọ pé ẹní ti rin.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tí ojú mi rí. Lọ́dún kan, bàbá mi rí kùrukùru, òjò ńlá kan sì tẹ̀lé e. Wọ́n gbin gbogbo irúgbìn àgbàdo wọn. Ó hù dáadáa. Òjò wá dá. Lọ́jọ́ kejìlá, ewé ti ká roboto bí ẹni ká ẹní. Ìyá mi ta ewúrẹ́ kan kí wọ́n tó rí irúgbìn mìíràn rà.

Ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pé àkókò òjò ti bẹ̀rẹ̀ rèé: kí òjò tó 20 mìlímítà rọ̀ láàárín ọjọ́ 3, kó má sì dá ju ọjọ́ 7 lọ láàárín 30 ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Ojú lásán ò lè rí apá kejì yẹn ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, fi ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n ń sọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa kásẹ̀ nílẹ̀.

Mo mọ àwọn tó máa ń ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ̀yin kan náà lẹ ń gba ohùn àìmọ̀dí orí WhatsApp gbọ́! Òjò àkọ́rọ̀ lè rọ̀ ní Òkèfíà kí Ìlọbùú má rí ẹ̀kán. Ẹni tó fẹ́ mọ ti oko rẹ̀, kó wọ̀n ọ́n. Ẹ wá agolo tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ dọ́gba, ẹ gbé e sí gbangba, kó jìnnà sí igi àti òrùlé. Ẹ ki rúlà bọ̀ ọ́ láàárọ̀, kí ẹ kọ iye mìlímítà tó wà ńbẹ̀ sílẹ̀. Mìlímítà kan péré lórí hẹ́kítà kan, lítà 10,000 ni.

Mo fẹ́ bọ́ sórí àrá nígbà tí ìyá kan nawọ́. Aró ti wọ èékánná wọn. Wọ́n ní: "Olùkọ́, àgbàdo lẹ ti ń wí látàárọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe. Ẹ̀kọ tí mo fi ya aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí n tó rẹ ẹ́ láró. Kùrukùru kì í jẹ́ kó gbẹ láàárọ̀; tó bá di ìrọ̀lẹ́, òjò á dé. Ìgbà wo ni tèmi?"

Ìlú aró la wà, n ò sì tíì dárúkọ aró. Mo pa ìwé mi dé.

Mo ní: Ìyá, ẹ má sá aṣọ láfẹ̀mọ́júmọ́ rárá, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò lè gba ti ara aṣọ. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú ilẹ̀ gbóná. Lọ́pọ̀ ìgbà, kùrukùru á ti ká kó tó di aago mẹ́wàá. Òjò àkọ́rọ̀ sì sábà máa ń dúró di ìrọ̀lẹ́ tàbí alẹ́. Aago mẹ́wàá sí mẹ́ta ni tiyín. Tí ẹ bá ń ṣọ́ òjò, apá Ìbòkun ni kí ẹ kọjú sí.

Bàbá kan bu sí i: "Ẹ ní afẹ́fẹ́ òjò ń ti òkun bọ̀. Báwo ni òjò ṣe wá ń ti Ìbòkun dé?"

Bàbá, ẹ ṣeun. Ti ìsàlẹ̀ ló ń gbé omi wá láti òkun. Ṣùgbọ́n ní bíi kìlómítà 3 sí 4 lókè, afẹ́fẹ́ mìíràn ń fẹ́ láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, òun ló ń da ìjì síwájú. Nítorí náà, bí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀ níhà ìlà oòrùn, ẹ máa palẹ̀ aṣọ mọ́. Bí atẹ́gùn tútù bá ti fẹ́ lù yín, ó ti dé nìyẹn.

Alága ti fi aago hàn mí. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ rẹ iná sílẹ̀ nínú kùrukùru. Bí ẹ bá tan án sókè, ojú yín ló máa padà wá bá. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá á fi sán, ẹ pín in sí mẹ́ta, iye kìlómítà tó fi jìnnà sí yín nìyẹn; ẹ wọlé, ẹ má sá sábẹ́ igi. Ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà báyìí, kí òjò tó bá a níbẹ̀.

Aṣọ ìnujú mi ti kárí, ó padà dé ọwọ́ mi. Ó ti gbẹ. Mo wojú fèrèsé, kùrukùru ti ká. Ìyá aláró ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní aago mẹ́wàá ti lù, àwọn ń lọ sá aṣọ.