Ọkọ̀ Alápò Tí Àwọn Ológun Fi Ṣe Ilé Ìwádìí Lójú Ọ̀run

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Etí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni a dúró sí láti bẹ̀rẹ̀ àlàyé tòní, nítorí pé omi yìí ni yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń léfòó lójú ọ̀run tètè yé wa. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé igbá òfìfo lé odò, igbá náà kì yóò rì, nítorí pé òun àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fúyẹ́ ju omi tí wọ́n gba ipò rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí náà ní ìwúwo tirẹ̀. Bí a bá kan àpótí tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ nítòsí ilẹ̀ yóò wúwo ju kílógíráàmù kan lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gáàsì hílíọ́mù ni a rọ sínú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kò ní tó ìdá kan nínú márùn-ún kílógíráàmù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni agbára tí ń gbé nǹkan sókè. Ẹni tí ó bá ran àpò tí ó tóbi tó, tí ó fi hílíọ́mù kún un, tí ó sì so yàrá àti ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn nísàlẹ̀, ti ní ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní airship, tí àwa yóò máa pè ní ọkọ̀ alápò. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: láti ara balloon, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún irú àpò bẹ́ẹ̀, ni a ti yá ọ̀rọ̀ wa bàlúù, kí a tó fi máa pe ọkọ̀ òfurufú abìyẹ́.

Ọkọ̀ abìyẹ́ kò gbọdọ̀ dẹ́kun eré, nítorí pé eré náà ni kò jẹ́ kí ó já bọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń da afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká rú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ẹlẹgẹ́ wọn nǹkan nínú rẹ̀ dà bí alágbẹ̀dẹ wúrà tí ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akérò tí ń sáré lọ sí Ìwó. Ọkọ̀ alápò lè rọra rìn, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gedegbe sójú kan, ó sì lè wà lókè fún ọjọ́ púpọ̀ láìsọ̀kalẹ̀. Nínú ogun, ìfàsẹ́yìn ni ìrìn pẹ̀lẹ́ yìí, torí ó rọrùn fún ọ̀tá láti yìnbọn lù ú. Fún ìwádìí, òun gan-an ni ẹ̀bùn rẹ̀, òun sì ni ó mú kí àwọn ọmọ ogun máa gbé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sínú ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti fi ṣọ́ òkun.

Ọkọ̀ alápò kan wà tí wọ́n ń pè ní USS Los Angeles, tí gígùn rẹ̀ tó 200 mítà. Ilé iṣẹ́ Zeppelin ní Jámánì ni ó kàn án fún Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí apá kan owó ìtánràn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó sì fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì dé Lakehurst ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní oṣù kẹwàá ọdún 1924. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1925, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ pátápátá ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi gbé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àti kámẹ́rà wọn sínú ọkọ̀ yìí, wọ́n sì gòkè lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀run. Àwa tí a wà ní Òṣogbo ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo apá tí ó pọ̀ jù lára oòrùn, mọ bí àkókò bẹ́ẹ̀ ti kúrú tó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni oòrùn fi ń ṣú pátápátá, bí ìkùukùu bá sì bo ojú ọ̀run ní ìṣẹ́jú yẹn, ìmúrasílẹ̀ ọdún púpọ̀ ti wọmi. Ilé ìwádìí tí ó lè gòkè, tí ó sì lè yan ibi tí yóò dúró sí, kì í bẹ ìkùukùu.

Kò yẹ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé kò mú ẹ̀mí lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1928, Umberto Nobile, ọ̀gágun ará Ítálì, darí ọkọ̀ alápò Italia dé ṣóńṣó àríwá ayé. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ni ó wà nínú rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀: Finn Malmgren ará Sweden tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́, Aldo Pontremoli tí ó jẹ́ onímọ̀ físíìsì, àti František Běhounek tí ń wọn ìtànṣán àti iná mànàmáná inú afẹ́fẹ́. Lójú ọ̀nà àbọ̀, ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ọkọ̀ náà já lu yìnyín. Yàrá ìsàlẹ̀ fọ́, ó sì da ènìyàn mẹ́wàá sórí yìnyín, ọ̀kan nínú wọn sì kú lójú ẹsẹ̀. Àpò náà, tí ó ti fúyẹ́ sí i, tún gbéra padà pẹ̀lú àwọn mẹ́fà tó kù, Pontremoli sì wà lára wọn. A kò rí wọn mọ́ títí di òní. Malmgren kú sórí yìnyín nígbà tí ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi Krasin tí ń fọ́ yìnyín, ti ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, ni ó gba Běhounek là ní oṣù keje. Ó máa ń dùn mí pé ìtàn olórí ọkọ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ, tí wọn kì í dárúkọ àwọn mẹ́ta yìí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ZPG-2 ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi hàn bí ìfaradà irú ọkọ̀ yìí ti pọ̀ tó. Ní oṣù kẹta ọdún 1957, ọ̀kan tí wọ́n fún ní ìnagijẹ Snow Bird gbéra ní South Weymouth ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó kọjá Àtìláńtíìkì, ó gba etíkun Áfíríkà, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Key West ní ìpínlẹ̀ Florida lẹ́yìn wákàtí 264, láìbalẹ̀ àti láìgba epo kún epo. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni ó ń sùn, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1958, òmíràn gòkè lọ sí àríwá, dé erékùṣù yìnyín T-3 tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń gbé lórí rẹ̀, láti wò ó bóyá irú ọkọ̀ yìí lè ṣiṣẹ́ fún ìwádìí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi fòpin sí ètò ọkọ̀ alápò wọn ní ọdún 1961, méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìwádìí, wọ́n sì fò fún ìgbà ìkẹyìn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1962.

Ó lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó tún ní òmíràn. MZ-3A ni wọ́n pè é, gígùn rẹ̀ tó mítà 54, ìyẹn bí ìdajì pápá bọ́ọ̀lù, Naval Research Laboratory, ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi náà, sì fi í dán kámẹ́rà àti ẹ̀rọ amóye (sensor) wò. Nígbà tí Deepwater Horizon, ẹ̀rọ ńlá tí ń gbẹ́ kànga epo lójú òkun, bú gbàmù ní oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n gbé MZ-3A lọ sí etí òkun tí a ń pè ní Gulf of Mexico, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Láti òkè, ó ń wá ibi tí epo léfòó sí, ó ń darí àwọn ọkọ̀ tí ń kó epo náà, ó sì ń wo àwọn ẹranko tí epo ti bá.

Ìdí tí a fi dúró sí etí odò yìí nìyẹn. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀, tí a sì ń tọ́ka sí ìwakùsà wúrà lókè odò, bẹ́ẹ̀ sì ni omi yìí gan-an ń gba inú Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ẹni tí ó bá wọn omi ní Òṣogbo nìkan yóò mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, kò ní mọ ibi tí ó ti bàjẹ́ wá. Kámẹ́rà inú ọkọ̀ alápò tí ń rọra rìn lókè odò láti Ìgèdè-Èkìtì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá lè fi ojú ibi tí àwọ̀ omi ti yí padà hàn gbangba. Ọkọ̀ náà kò ní lè fò ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí ìjì ń ṣí òrùlé ní ìlú yìí, nítorí pé ìjì ni ó fa USS Shenandoah, ọkọ̀ alápò mìíràn ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ya lójú ọ̀run Ohio ní ọdún 1925, tí ènìyàn mẹ́rìnlá sì kú. Ìdájí ni yóò ti gbéra, kí oòrùn tó mú ilẹ̀ gbóná tí atẹ́gùn yóò fi máa ru sókè, òkè odò ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibí yìí.